Ògiri Tó Kọjú sí Ọ̀nà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe, àwòrán ara ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà funfun bò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti pẹ́ lókè òkun lè má mọ bí ó ti bàjẹ́ tó. Àwòrán Jésù níbi tí ó ti bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ni, èyí tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa, olóògbé, yà nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta. Ọmọdékùnrin tó gbé ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn èrò orí koríko ró ìró àdìrẹ, ojú àwọn ará àdúgbò gan-an ni ó sì yà fún wọn: ìyá alákàrà ẹnu géètì wà níbẹ̀, bàbá aṣọ́de wà níbẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè a máa tún un kùn lọ́dọọdún. Èmi kò bá wọn sin ohun tí wọ́n ń sìn, ṣùgbọ́n mo gbà pé wọ́n mọ ìtọ́jú ògiri jù wá lọ.

Kì í ṣe oòrùn ló ba tiwa jẹ́, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Omi ni. Gọ́tà orí òrùlé ń jò, ọ̀rinrin sì ń fà gòkè láti ìpìlẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà elépo tó ń dán kun ìsàlẹ̀ ògiri nígbà kan rí. Omi kò wá rí ọ̀nà jáde mọ́, ó sì ń ti ọ̀dà kúrò lára simẹ́ǹtì bí èèpo. Bí a bá kàn kun ún lọ́tun, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ṣí. A tún gọ́tà ṣe, a kó erùpẹ̀ kúrò lẹ́bàá ìpìlẹ̀, a họ ọ̀dà elépo náà dànù, a sì dúró de ọyẹ́ kí ògiri lè gbẹ. Kí a tó fọwọ́ kan àwòrán, a ya fọ́tò gbogbo rẹ̀.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù ni ti ọmọdékùnrin náà. Àwọn kan ní kí a fi aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tòde òní wọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ṣetán láti san gbogbo owó bí a bá lè kọ orúkọ rẹ̀ sára apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ ọmọ náà. (Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo rí iye ènìyàn tó fara mọ́ ọn, ẹ̀rín pá mi lẹ́nu.) Ọjọ́ tí a fẹ́ dìbò ni ọmọbìnrin ìyá alákàrà wọlé. Ìyá náà ti kú, wọn kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan nílé.

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ojú Màmá wa rẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń mú àwọn ọmọ mi wá wò ó.”

A kò dìbò mọ́.

Owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde la fi ṣe iṣẹ́ náà, ọmọdékùnrin náà sì wà nínú aṣọ rẹ̀ àtijọ́. Ibi tí ọ̀dà olùkọ́ wa kù sí, a kàn rọra nu eruku kúrò ni. Ibi tó ti ṣí, a fi àwọ̀ tó ṣì díẹ̀ dí i, kí ẹni tó bá súnmọ́ ọn lè mọ ọwọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ojú bàbá aṣọ́de nìkan ni kò kù rárá. A fi àwọ̀ ilẹ̀ dí àyè rẹ̀, a kò ya ojú sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní fọ́tò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí òjò tó dé.