Ẹyẹ Tí Kò Ní Ọrùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà díẹ̀ nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi, ṣùgbọ́n n kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àdàbà ni mo rí, díẹ̀ ló sì kù kí n fi àdàbà náà purọ́ mọ́ odidi ẹ̀ka èdè kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.

Orúkọ àwọn ẹyẹ nínú ẹ̀ka èdè Ìfọ̀nyìn ni iṣẹ́ mi dá lé. Ìlú tí àwọn elédè Faransé ń kọ ní Ifangni ni mo lọ, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí ènìyàn bá ti ré ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kọjá, Ìgolo ni yóò bọ́ sí, abẹ́ Ifangni sì ni Ìgolo wà. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan lọ́hùn-ún, ló gbé mi dé inú ìlú. Wọ́n ń sọ Nàgó níbẹ̀, wọ́n ń sọ Gùn, àwọn tó lọ sí ilé-ìwé sì gbọ́ Faransé. Ọ̀pẹ pọ̀ ní agbègbè náà, ẹyẹ sì pọ̀ lórí ọ̀pẹ.

Kí ló wá kan kámẹ́rà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá bi abẹ́nà ìmọ̀ pé, "Ṣé àdàbà lẹ ń pe eléyìí?" ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má baà dójú ti àlejò. A ti fi orúkọ sí i lẹ́nu nìyẹn. Mo pinnu pé n ó ya àwọn ẹyẹ Ìfọ̀nyìn gan-an, n ó tẹ àwòrán wọn jáde, n ó sì kàn bèèrè pé, "Kí lẹ ń pe èyí?"

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ ni mo ní, Canon EOS 350D, èyí tó jáde ní 2005. Ẹ̀gbọ́n mi kan yá mi ní lẹ́ǹsì gígùn kan, Canon 300mm f/4. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í dúró de ènìyàn. Bí mo ti ń sún mọ́ wọn ni wọ́n ń fò lọ, 300mm sì kéré lójú mi. Ni mo bá wá owó, mo ra teleconverter 2x. Ohun kékeré kan báyìí ni, kò ju agolo mílíìkì lọ. Àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ni a ń fi í sí, àwọn gíláàsì inú rẹ̀ a sì fẹ àwòrán tí lẹ́ǹsì bá gbé wá lójú, tí 300mm yóò fi di 600mm. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo ní àfòmọ́ àárín tí a ń jà lé lórí ní kíláàsì nìyí! Ó yẹ kí n rántí nígbà náà pé bí a bá fi -kí- sáàárín ọmọ àti ọmọ, ọmọkọ́mọ tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi ya ẹyẹ pẹ̀lú 2x. Ẹyẹ tóbi nínú àwòrán, inú mi sì dùn. Mo tẹ ọgbọ̀n àwòrán jáde, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọdẹ kan, agbẹ̀ kan àti ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta epo pupa. Àwòrán mẹ́rin tí mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe irú ẹyẹ kan náà, nítorí mo gbọ́ igbe wọn nígbà tí mo ń yà wọ́n, "àdàbà" ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pè wọ́n. Mo fi ẹyẹ tó ń rà bàbà lójú ọ̀run hàn wọ́n, wọ́n ní "àṣá". Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ọ́ sínú orí kẹta pé àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè yìí kò ya àwọn ẹyẹ wọ̀nyí sọ́tọ̀ mọ́. Mo tilẹ̀ rí ìdí fún un: mo ní Faransé àti Gùn ló ń jẹ orúkọ náà run. Mo ti ń fojú inú wo bí olùdarí iṣẹ́ mi yóò ṣe yìn mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó ti ìyá elépo, ẹyẹ kan ké lórí igi ẹ̀yìn ilé. Ìyá kò gbójú sókè. Ó ní, "Òdèrekókò ti dé nìyẹn." Àyà mi já. Mo yọ àwòrán kan nínú àpò.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹyẹ tó ń ké yìí kọ́ ni mo fi hàn yín lánàá, tí ẹ pè ní àdàbà?"

Ó gbà á, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí o gbé wá yìí kò ní ọrùn. Ẹyẹ tí kò ní ọrùn, kí ni n ó pè é? Èyí tó wọ́pọ̀ ni mo sọ fún ọ, kí inú rẹ lè dùn."

Mo wo àwòrán náà dáadáa. Òótọ́ ni. Ìlà dúdú tó máa ń wà lẹ́yìn ọrùn ẹyẹ yẹn ti pòórá, ó ti di eérú. Ẹyẹ tí kò ní ìlà rárá àti ẹyẹ tí ìlà rẹ̀ pòórá ti di ẹyẹ kan ṣoṣo.

Ojú àwo làwo fi í gbọbẹ̀. Ojú tí lẹ́ǹsì fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kì í fẹ̀ sí i nítorí pé a fi teleconverter sí i nídìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá fi 4 pín 300, a ó rí 75. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 75 ni lẹ́ǹsì náà fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí 2x sọ 300 di 600, ihò náà kò kúrò ní 75. Ẹ fi 75 pín 600, yóò jẹ́ 8. f/4 ti di f/8 nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó kún ojú ibì kan ni a tẹ́ sórí ibi tó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń kan ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni bomi lu ọbẹ̀ ni: ó pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ti lọ. Ti 1.4x sàn díẹ̀. 300mm f/4 yóò di 420mm f/5.6, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló sì ń bá a lọ.

Ohun tí èyí fà nìyí. ISO 1600 ni òpin agbára kámẹ́rà mi. Bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bá gbà mí láyè láti fi ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá ya àwòrán ní f/4, ìdá kan nínú 250 ni yóò kù fún mi pẹ̀lú 2x. Ẹyẹ tó kàn yí ọrùn díẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń mú gbígbọ̀n ọwọ́ rọlẹ̀ wà nínú lẹ́ǹsì náà, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹyẹ dúró. Èkejì, kámẹ́rà yẹn kì í dá wá ojú ẹyẹ fúnra rẹ̀ bí f bá ti kọjá 5.6. Ọwọ́ ni mo fi ń yí lẹ́ǹsì nínú ojú ìwòran tó ti ṣókùnkùn. Ẹ̀kẹta, bí 2x ti ń fẹ ẹyẹ lójú ló ń fẹ àbùkù lẹ́ǹsì náà lójú. Tí oòrùn bá sì ti mú, tí ooru ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, ó ń fẹ ìyẹn náà.

Mo tú teleconverter kúrò. Mo lọ jókòó sẹ́bàá ibi tí wọ́n sá àgbàdo sí, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹyẹ tó bà. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti kà mí mọ́ igi. Wọ́n ń ṣa àgbàdo ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n sí mi. Mo yà wọ́n pẹ̀lú 300mm lásán ní f/4. Ẹyẹ kéré nínú àwòrán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gé etí rẹ̀ kúrò, ìlà ọrùn hàn, ojú hàn, ìyẹ́ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e padà lọ. Ìyá kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bèèrè tán tó fi pe òdèrekókò ní òdèrekókò, tó sì pe àdàbà ní àdàbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdẹ àti agbẹ̀ pè wọ́n. Kò sí ohun tó jẹ orúkọ kankan run. Kámẹ́rà mi ló jẹ ọrùn ẹyẹ.

Kí ẹ má sọ pé mo ní teleconverter kò dára. Lọ́sàn-án gangan ní ọjà Ìgolo, tí oòrùn ń ràn, mo yá 1.4x, mo sì fi ya ẹyẹ tó ń rà bàbà lókè. Ìrù rẹ̀ tó là sí méjì hàn kedere, "àwòdì" ni gbogbo wọn sì pè é. Ẹni tó bá ní lẹ́ǹsì tó mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, tí omi tàbí òfuurufú kò jẹ́ kó sún mọ́ ẹyẹ, kí ó lo 1.4x. 2x ń fẹ́ lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ gan-an, bí f/2.8, àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dúró ṣinṣin. Àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú ti kọjá ìṣòro wíwá ojú ẹyẹ. Ní 2020 Canon gbé lẹ́ǹsì 600mm àti 800mm jáde tó jẹ́ f/11, wọ́n sì ń wá ojú ẹyẹ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n kò sí kámẹ́rà tó lè dá ìmọ́lẹ̀ tí kò wọlé padà. Bí àyè bá wà láti fi ẹsẹ̀ sún mọ́ ẹyẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo ya ojú ìwé yẹn kúrò nínú orí kẹta. Ẹyẹ méjì kò padà wá jẹ àgbàdo títí mo fi kúrò ní Ìfọ̀nyìn, àwòrán 2x nìkan ni mo sì ní fún wọn. Àwọn abẹ́nà ìmọ̀ mi fún mi ní orúkọ fún méjèèjì. N kò kọ orúkọ náà sínú àtẹ. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni "àwòrán kò hàn".