Ọmọ Tí Kì Í Sunkún

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò, wo ọmọ ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ọmọ dáadáa ni! Kì í sunkún, àfi ká jí i kó tó mu ọyàn.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ tí kì í sunkún ń bà mí lẹ́rù o. Ẹyinjú rẹ̀ ṣì pọ́n bí ìyeyè, ìdodo rẹ̀ sì yọ síta. Ṣé ó ń yàgbẹ́ déédéé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó yà. Kí ló dé?

ÀBÚRÒ: Ó lè jẹ́ pé táírọ́ìdì rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín, lábẹ́ gògóńgò. Ibẹ̀ ni táírọ́ìdì wà, ó rí bíi labalábá. Tó bá wú, òun là ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Ó ń ṣe họ́mónù tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tó ń mú kí egungun ọmọ gùn, kí ọpọlọ rẹ̀ sì gbó. Ẹ wo odò Ọ̀ṣun: Ìgèdè wa níbí ló ti sun, omi díẹ̀ ni níbí, síbẹ̀ ó ṣàn dé Òṣogbo, ó ṣàn dé ọ̀sà. Bí họ́mónù ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Gẹ̀gẹ̀ mà pọ̀ lọ́rùn àwọn àgbà nígbà tá a wà ní kékeré. N kì í sábà rí i mọ́.

ÀBÚRÒ: Iyọ̀ tí ẹ ń tà ló ṣe é. Áyódíìnì ni táírọ́ìdì fi ń ṣiṣẹ́. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi í sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dé iyọ̀ yín, ẹ má sá a sóòrùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá ọmọ yìí kúkú jẹ iyọ̀ náà nínú oyún.

ÀBÚRÒ: Ọmọ mìíràn wà tí wọ́n bí láìní táírọ́ìdì rárá, tàbí kí tirẹ̀ má ṣiṣẹ́, bí ọ̀kan nínú 2,000 sí 3,000 ni. Iyọ̀ ò lè ran ìyẹn lọ́wọ́. Họ́mónù ìyá ló ń gbè é nínú oyún, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè mọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì, láti 1981 ni wọ́n ti ń gún gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun. Ọjọ́ karùn-ún la máa ń gún un, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ 4 sórí káàdì. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, wọ́n á máa fún un ní hóró oògùn kékeré kan lójoojúmọ́. Tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, á dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá pẹ́ di ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí ọpọlọ ti pàdánù kì í padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè! Èmi ni mo ń yìn ín pé ó ní sùúrù.

ÀBÚRÒ: Ó lè má jẹ́ àìsàn yìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Wọn kì í yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò fún un ní Nàìjíríà, àwa la ó béèrè. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó má fún un lágbo kankan. Láàárọ̀ ọ̀la, ilé ìwòsàn ní Adó là ń gbé e lọ.