Ẹyin Tí Ẹ̀rọ Ń Kà ní Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Láti Òjòó ní ìhà àríwá Ìbàdàn ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ariwo ìgboro. Ọgbà ńlá àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ni èrò yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mọníyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ti ń parí ìrìn rẹ̀ láti ọdún 2021. Lẹ́yìn náà ni Akínyẹlé, Ìróko, àti Fìdítì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà yìí kọjá, èso ni ó sábà máa ń rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ara balẹ̀ wo apá ọ̀tún àti apá òsì, yóò rí àwọn ilé gígùn onípáànù tí ògiri wọn kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ, tí wọ́n sì fi wáyà bò láti ibẹ̀ dé òrùlé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà ibẹ̀, imú yóò ti sọ fún un pé ilé adìẹ ni wọ́n kí ojú tó rí i. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹyin tí ẹ̀yin ìyá ń sè fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé ti ń wá.

Ọ̀kan nínú irú oko bẹ́ẹ̀, láàárín Ìróko àti Fìdítì, ni mo lọ bẹ̀ wò. Obìnrin ni ó ni ín. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pè é ní Màmá. Ẹgbàá adìẹ ni ó ń sìn, 1,000 nínú ilé kìíní, 1,000 nínú ilé kejì. Ohun tí mo gbọ́ tí mo fi lọ ni pé kọ̀ǹpútà ni ó ń bá wọn ka ẹyin níbẹ̀, pé ẹ̀rọ náà ń fi ojú wo ẹyin bí ènìyàn ṣe ń wò ó, ó sì ń sọ iye rẹ̀.

Kí n tó wọlé, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà mi, kí n wọ bàtà rọ́bà ti oko, kí n sì tẹ inú omi apakòkòrò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka èyí sí àṣejù. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn adìẹ tí à ń pè ní bird flu ti wọ Nàìjíríà, ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí a ó rí oríṣi àrùn náà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó tún padà wá ní 2015. Bàtà àlejò àti kíréètì ẹyin tí ń ti oko dé oko wà lára ohun tí ń gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kiri.

Nínú ilé adìẹ, ariwo ni ó kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn. Inú àgò onírin ni àwọn adìẹ wà, ìlà mẹ́wàá nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún adìẹ lórí ìlà kan. Ìsàlẹ̀ àgò náà dagun díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí adìẹ bá ti yé ẹyin, ẹyin náà yóò yí wá sí iwájú, yóò sì dúró sí ojú ọ̀nà kékeré tí ọwọ́ lè tó o. Ó máa ń gba adìẹ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti ṣe ẹyin kan parí, nítorí náà kò sí adìẹ tí í yé méjì lójúmọ́ ní ti àdáyébá. Òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yé. Obìnrin kan ni ó ń kó ẹyin ilé méjèèjì, ó ń kó o lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀: ẹyin mẹ́ta nínú àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí ń kan èkejì kíkankíkan.

Ọgbọ̀n ẹyin ni kíréètì kan ń gbà, ìlà mẹ́fà, márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu bí èyí ṣe bá ọ̀nà ìkàyè àwọn baba wa mu. Nígbà tí owó ẹyọ ni a ń ná, ogójì ni ó wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Adolphus Mann, àlùfáà ìjọ CMS tí ó gbé ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 pé wọn a da owó ẹyọ sílẹ̀, wọn a sì máa fà á ní márùn-ún márùn-ún, àti pé láti inú irú ìkàyè bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà wa ti rí ìrísí rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà sì wà lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà jù.

Bí kíréètì bá jẹ́ ọgbọ̀n láìyẹ̀, ènìyàn lè béèrè pé kí ni a tún ń fẹ́ ẹ̀rọ fún. Kí a ka kíréètì, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po ọgbọ̀n, ó parí. Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ọmọ Màmá fún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni pé kíréètì kì í sọ ibi tí ẹyin ti wá. Nígbà tí ẹyin bá ti dé inú kíréètì, ti ìlà kìíní àti ti ìlà kẹwàá ti di ọ̀kan. Ojú àgò ni ó yẹ kí a ti kà á, kí ọwọ́ kankan tó kàn án.

Ní ìlú Barneveld ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí adìẹ àti ẹyin, tí ó sì ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti adìẹ, ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹyin mọ́. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Moba wà, tí ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣa ẹyin. Bẹ́líìtì tí ń rìn fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ẹyin jáde láti inú ilé adìẹ, àwọn ẹ̀rọ ńlá sì ń ṣa ju 100,000 ẹyin lọ láàárín wákàtí kan. Kámẹ́rà ń wo ìdọ̀tí ara rẹ̀. Ní ti ẹyin tí ó sán, ọ̀pá kéékèèké ni ó ń kan ara ẹyin, ìró tí ó bá mú jáde ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀ kí a tó sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó ní bẹ́líìtì, iṣẹ́ kíkà rọrùn fún un: kámẹ́rà a dúró sójú kan, ẹyin a máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹgbàá adìẹ ní Ìróko kò ní ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ẹyin ni ó dúró, ojú ni yóò rìn.

Ojú tí ń rìn ní oko yìí kò ju fóònù kan lọ. Obìnrin tí ń kó ẹyin ni ó ń mú un lọ́wọ́. Kí ó tó kó ẹyin, yóò gbé fóònù náà sókè ní ìwọ̀n apá kan sí àgò, yóò sì rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀. Kámẹ́rà ń ya àwòrán léraléra. Bí ẹyin kan bá ti hàn, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ a fi ilà yí i ká, a fún un ní nọ́ńbà, a sì máa tẹ̀ lé e láti àwòrán kan dé èkejì, kí ó má baà ka ẹyin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní òpin ìlà, iye rẹ̀ a hàn lójú fóònù. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe é, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré kan lórí òrùlé sì ni wọ́n fi ń gba iná sí i.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é jẹ́ ti ìdílé ìlànà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ YOLO, tí Joseph Redmon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń wo àwòrán kí ó tó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bí mọ ẹyin. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó àwòrán púpọ̀ jọ, kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ilà yí ẹyin kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ̀rọ tó lè fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́. Fún oko yìí, 500 àwòrán ni wọ́n yà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò dá a ṣe. Obìnrin tí ń kó ẹyin ni ó jókòó tì í lálaalẹ́ tí ó ń tọ́ka sí i: “Ẹyin nìyí. Èyí kì í ṣe ẹyin, ìgbẹ́ adìẹ tí ó gbẹ ni. Ẹsẹ̀ adìẹ ló bo ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀.” Nítorí náà, bí a bá ń béèrè ẹni tí ó kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìkàyè, kí a má ṣe gbàgbé obìnrin yìí.

Ó máa ń ṣì í kà. Lójú mi, lórí ìlà kìíní, ẹ̀rọ sọ pé 86, ọwọ́ sì ka 85. Ìyẹ́ pupa kan tí ó kájọ ni ó pè ní ẹyin. Bí eruku oúnjẹ adìẹ bá bo ojú kámẹ́rà, tàbí tí oòrùn ọ̀sán bá ta láti etí páànù, àṣìṣe náà a pọ̀ sí i. Ní ọjọọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fi ọwọ́ tún gbogbo ìlà kà láti fi dán ẹ̀rọ wò. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí gan-an, nítorí ẹni tí a kò lè yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ ènìyàn ìbáà jẹ́ irin, kò yẹ kí a fi owó oṣù ẹnikẹ́ni sí abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo mẹ́nu kan owó oṣù nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ilé kìíní ń mú 850 ẹyin wá lójúmọ́, ìyẹn kíréètì méjìdínlọ́gbọ̀n àti ẹyin mẹ́wàá. Ilé kejì, tí adìẹ inú rẹ̀ jẹ́ iye kan náà, ọjọ́ orí kan náà, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í mú 780 wá, kíréètì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n géérégé. Àádọ́rin ẹyin ń dín lójoojúmọ́. Ta ni ń kó ẹyin? Ẹnì kan ṣoṣo ni. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olè sí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n fún oṣù méjì ni wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀.

Obìnrin náà ti sọ tirẹ̀. Ó ní, “Màmá, àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá yẹn kò yé dáadáa mọ́.” Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fura sí ni ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì kà á sí àwáwí. Nígbà tí ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìlà ìlà, ohun tí ó hàn ní ọjọ́ kìíní ni pé ìlà mẹ́jọ ń mú nǹkan bí 85 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì tí ó jìnnà jù sí táǹkì omi kò sì ju àádọ́ta-àádọ́ta lọ. Wọ́n tú páìpù wò. Ìdọ̀tí pupa láti inú kànga ẹ̀rọ ti dí ojú omi tí àwọn adìẹ náà fi ń mu. Adìẹ tí kò bá rí omi mu tó, kò ní jẹun tó. Èyí tí kò bá jẹun tó, ẹyin rẹ̀ a dín. Wọ́n fọ páìpù, iye ẹyin sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èyí ni ó mú mi gbà pé kì í ṣe nítorí olè ni ó yẹ kí a máa ka ẹyin. Ẹyin ni adìẹ fi ń sọ bí ara rẹ̀ ti rí. Àrùn lúkúlúkú, ooru, oúnjẹ tí ó ti bu, iná tí ó kú lálẹ́, gbogbo wọn a máa hàn nínú iye ẹyin, nígbà mìíràn kí adìẹ kankan tó kú. Ẹni tí ó bá ń wo iye ti ìlà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ lè tètè ké sí oníṣègùn ẹran.

Màmá kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún mi. Ó ní òun dá owó oṣù méjèèjì padà, òun sì bẹ̀ ẹ́. Mo bi obìnrin náà léèrè nígbà tí ó ku àwa méjì ní yàrá ẹyin. Ó ń fi aṣọ gbígbẹ nu ẹyin, kò gbójú sókè.

“Wọ́n dá owó náà padà, ma, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì yẹn, gbogbo ẹni tí ó bá rí mi pẹ̀lú àpò, àpò náà ni ó ń wò.”

Mo ní ṣé inú rẹ̀ dùn sí ẹ̀rọ náà nísinsìnyí? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ohun tí mo sọ ló sọ, ma. Ó dára bí wọ́n ti gbà á gbọ́.”

Èmi kò rí èsì fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta irú ẹ̀rọ yìí a máa sọ pé yóò fòpin sí olè òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò ẹ̀rọ mélòó ni yóò sọ pé yóò fòpin sí ẹ̀sùn èké? Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin náà ń jẹ́rìí fún un bí ó ti ń jẹ́rìí fún ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé òun ni ó mú un dání, iye ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń hàn sí òun náà. Bí wọ́n bá gbé e kọ́ sí àjà tí ojú Màmá nìkan ń rí i, ohun mìíràn ni ì bá dà.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ni ọkọ̀ àwọn oníbàárà láti ọjà Bódìjà dé, obìnrin mẹ́ta tí wọ́n fi gèlè wé orí le. Ọmọ Màmá fi iye ọjọ́ náà hàn wọ́n lójú fóònù, pẹ̀lú ilà tí ó yí ẹyin kọ̀ọ̀kan ká. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn wò ó, ó ní ó dára, Ọlọ́run yóò máa fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ síwájú, ó gbé kíréètì mẹ́fà kúrò lórí èyí tí wọ́n tò jọ, ó fa ìkeje jáde láti àárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, márùn-ún, márùn-ún.