Bọ́ọ̀lù Tí Kò Sí

Ní Challenge, nílùú Ìlọrin, níbi tí mo ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan wà nítòsí wa. Bí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ la máa ń sá lọ nítorí jẹnẹrétọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí roulette lójú tẹlifíṣọ̀n: wíìlì ń yí, bọ́ọ̀lù funfun ń sáré, ó wá dúró lórí nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 36.

Mo ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Kí ló dé tí n kò ní mọ nọ́ńbà tó ń bọ̀?" Mo ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, mo tún un ṣe, mo kọ prógíráàmù sí i. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ wọlé lálaalẹ́. Ó lé ní 2,000. Èyí tó bá ti pẹ́ tí kò jáde, prógíráàmù mi á ní òun ló kàn.

Ìtàn Edward Thorp àti Claude Shannon ló kì mí láyà. Lọ́dún 1961, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjèèjì yìí gbé kọ̀ǹpútà tó tó páálí sìgá wọ ilé tẹ́tẹ́ ní Las Vegas, wọ́n fi í pamọ́ sára. Shannon á dúró ti wíìlì, á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì inú bàtà bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń kọjá. Ohùn kékeré kan á wá dún létí Thorp, á sọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí. Ó ṣiṣẹ́! Wáyà tó ń já ṣáá ló dà wọ́n láàmú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 500 náírà tí mo ta di 18,000. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní Prof. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo rẹ̀ ti padà síbi tó ti wá, òun pẹ̀lú 30,000 tí Alhaja kan fún mi kí n fi ra sìkíríìnì láptọ́ọ̀pù ọmọ wọn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó tún ìtàn Thorp kà dáadáa. Bọ́ọ̀lù gidi ni wọ́n ń wò. Ó wúwo, ó ń sáré, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀; ẹni tó bá mọ eré rẹ̀ lè fojú díwọ̀n ibi tó máa já bọ́ sí. Èmi ńkọ́? Àwòrán ni mò ń wò. Kọ̀ǹpútà ló ń mú nọ́ńbà jáde. Wíìlì tó ń yí kàn ń fi í hàn wá ni. Nọ́ńbà tó pẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ẹ̀rọ ò rántí àná. Kódà, bí o bá fi 100 náírà sórí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì náà, 3,700 lo ná, 3,600 lo máa gbà.

Alhaja dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. "Ọmọ mi, ṣé ó ti dé?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti ná owó yín."

Wọ́n wò mí títí. "Kí lo fi rà?"

N kò rí èsì fọ̀. N kò ra nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tú sìkíríìnì láptọ́ọ̀pù àsọtẹ́lẹ̀ mi, mo fi sí ti ọmọ wọn. Ó bá a mu. Owó tó kù, mò ń san án díẹ̀díẹ̀.