Oúnjẹ Àrọ̀ ní Eriwe

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkòkorè nìkan gbà yín lọ́kàn. Ẹ béèrè ọ̀nà Eriwe. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòtò ẹja tí a gbẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ebè oko. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn alájùmọ̀ṣe ti ń sin àrọ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń gbèrò láti fi owó àjọ tàbí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọjá lára omi, kí a wọ ilé tí a ń kó àpò oúnjẹ ẹja sí. Nínú náírà mẹ́wàá tí ọlọ́sìn àrọ̀ bá ná, oúnjẹ a máa gba bíi mẹ́fà tàbí méje.

Àrọ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀bà àná sìn. Ó ń fẹ́ purotéènì tó tó 40 nínú 100 ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀, èyí tó ju ti adìẹ lọ fíìfíì. Ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná dára fún un, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà tí a ti fún epo rẹ̀ rọ́pò apá kan, tí a ń fi àgbàdo, epo díẹ̀ àti fítámì kún un, tí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sì ń so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se wàrà sóyà fún ọmọ mọ̀ pé a kì í fún un ní sóyà tútù. Bákan náà ni ti àrọ̀. Èròjà kan wà nínú sóyà tí a kò yan, tí kì í jẹ́ kí ikùn lè lo purotéènì dáadáa. Iná ní ń pa á. Ṣùgbọ́n iná yìí kan náà ní ń ba fítámì C jẹ́, bí fítámì náà kò bá sì tó, egungun orí àrọ̀ a máa là.

Oríṣi oúnjẹ kan wà tí ń léfòó, tí ooru àti agbára ẹ̀rọ mú wú bíi gúgúrú. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ojú ń rí ohun tó ṣẹ́ kù. Èyí tó bá rì láìjẹ a jẹrà nísàlẹ̀, a sì ba omi jẹ́. Àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Obìnrin kan ń dán oúnjẹ wò nínú kòtò tirẹ̀. Ó so àpò àwọ̀n mẹ́fà sínú omi kan náà, ó ka ọmọ àrọ̀ tí ìwọ̀n wọn dọ́gba sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ń jẹ oúnjẹ tó rà, mẹ́ta ń jẹ èyí tó fúnra rẹ̀ pò. Ó ń wọn oúnjẹ lójoojúmọ́, ó sì ń wọn ẹja ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kò lo àpò kan fún oúnjẹ kan, nítorí àìsàn lè wọ àpò kan, kí ó sì tan ènìyàn jẹ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní kílò oúnjẹ kan jẹ́ náírà 1,000, tí ẹja sì jẹ kílò 12 kí ó tó fi kílò 10 tóbi sí i: náírà 1,200 ni ẹ ná lórí kílò ẹja kan. Bí òmíràn bá jẹ́ náírà 700, ṣùgbọ́n tó gba kílò 20, náírà 1,400 ni. Èwo ló wá dínwó?

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ìdánwò náà wà nígbà tí mo débẹ̀. Oúnjẹ àpòfúnra-ẹni ló ń rẹ̀yìn, ó sì fura sí ẹ̀pà ọjà tó lò, tó ti fẹ́ máa bu. Ó ní òun yóò wá òmíràn, òun yóò sì tún un ṣe kí òun tó fọwọ́ kan owó àjọ. Àdánù rẹ̀ kò tíì ju ẹja inú àpò àwọ̀n mẹ́ta lọ.