Ilé Tí A Pín fún Wa ní Sùúrùlérè

Bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń ṣe àjọ̀dún, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni a ti kọ́ wa. Àdúgbò pẹ̀lú kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ àwọn tí ìjọba kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Sùúrùlérè ni àwa, a sì mọ ohun tí títún ìlú tò máa ń ṣe sí ìdílé.

Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tí ó há jù ṣe. Nígbà tí ó di 1955, tí òmìnira ti ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n sí 70 éékà. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

A kò ní ṣe abaraámóorejẹ: ilé náà mọ́, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bàbá, ìyá àti ọmọ ni ìwé ìpínlé mọ̀. Kò mọ ìyá àgbà, kò mọ àbúrò bàbá. Agboolé kan fọ́n ká sí òpópónà mẹ́rin. Àwọn ìyá wa tí ń pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ sí Ìdúmọ̀tà sì ń jẹ èrè wọn. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí a kó, tẹ ìwé jáde ní 1961 lórí irú ìpàdánù yìí gan-an.

Lónìí, ìyípadà mìíràn ti dé. Ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà àti Bọ̀dé Thomas, báńkì àti ilé ìtajà ti gba ipò ilé gbígbé. Ẹni tí ó ta ilé jèrè. Ayálégbé ń kó ẹrù, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń dún létí ọmọ tí ń kàwé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí katakátá bá dé. Láti 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbogbòò, ohun tí a kọ́ tàbí tí a gbìn sórí rẹ̀ ni òfin kà sí jù nínú owó gbà-má-bínú. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé ilé yín. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ilé ẹ̀gbẹ́ yín di ilé ìtajà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ di agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀, ẹ bá àwọn aládùúgbò ka ìwé náà.

Ìtàn Nábótì kọ́ wa pé ogún bàbá ẹni ju iye owó rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà sì ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ẹni tí yóò pín ìlú pẹ̀lú wo ilé, kí ó wo àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, kí ó tó fa ìlà sórí ìwé.