Eérú Ba Ogún Bàbá Jẹ́!
Ogún bàbá ni ṣílè náà, tọdún 1914, tó ní igi ọ̀pẹ lára. Ọwọ́ ìyá aláṣọ kan n'Íbàdàn ló wà. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó.

Ṣílè ti dúdú, ni màmá bá fi eérú bó o títí tó fi ń dán yinrin. Áà! Alágbẹ̀dẹ wúrà mirí:

“Màmá, ojúlówó fàdákà ni o. Ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ti ha ojú ọba! Dúdú yẹn gan-an làwọn tó ń ra owó àtijọ́ ń fẹ́. Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́, etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú.”

Owó fàdákà lásán ló fẹ́ san. Màmá kọ̀, ó gbé e padà sílé. Títí di òní, àbúrò gbà pé ó ti tà á ni.